Ẹ̀rọ Kẹfà Ti Dákẹ́

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Ilé ìkàwé mẹ́fà, ìlú mẹ́fà, ẹ̀rọ kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi nìkan níwájú kọ̀ǹpútà. Mo tẹ àṣẹ ìlà kan — ṣé ẹ wà? Wọ́n ń dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ kẹta ló máa ń kẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́ ní Ìjàpá. Ẹ̀rọ kẹfà, ti ọ̀dọ̀ Adúmáadán ìyàwó mi, ní: mo wà. Òun fúnra rẹ̀ kò sọ tó bẹ́ẹ̀ láti oṣù tó kọjá, tí wọ́n ti gbé e lọ ṣe olórí ibẹ̀. Èmi ni mo ní tó bá lọ, kó má pè mí. Ẹnu mi yìí.

Ọjọ́rú, 5
Kò pè. Èmi náà ò pè.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mo dáràn. Ìjàpá nìkan ni mo fẹ́ dá dúró kí n lè tún un ṣe. Mo gbàgbé láti kọ orúkọ rẹ̀ — àṣẹ bá gbogbo wọn. Ètò tí wọ́n fi ń wá ìwé kú ní ìlú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ọ̀gá bú mi bí ẹni láyin. Fóònù ò sinmi, ìkẹyìn ni ti Adúmáadán. "Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀rọ yín ti dákẹ́ níbí." Bí àlejò! Mo ní mo ti ń tan án. Ó ní ó dáa. Kò tó ìṣẹ́jú kan, síbẹ̀ inú mi dùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Mo tún po tíì ife méjì láàárọ̀. Àárò rẹ̀ ń sọ mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Mo kọ ọ́ tán: dá ẹ̀rọ kẹfà dúró. Ó ku bọ́tìnì kan. Bó bá kú, á pè mí. Àmọ́ àwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò wà níbẹ̀, wọ́n ń wá ìwé. Èwo ni tiwọn nínú ìjà wa? Mo pa á rẹ́, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Ojú ara mi tì mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Aago márùn-ún kọjá díẹ̀, wọ́n ti tilẹ̀kùn ilé ìkàwé. Mo béèrè: ṣé ẹ wà? Ìjàpá pàápàá dáhùn. Ẹ̀rọ kẹfà pa kẹ́kẹ́. Mo wo àkọsílẹ̀ rẹ̀. Kì í ṣe iná, kò sì bàjẹ́. Wọ́n fọwọ́ pa á ni, orúkọ Adúmáadán ló wà níbẹ̀.

Mo pè é. Kò jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní ẹ̀rọ wọn ti dákẹ́. Ó ní òun mọ̀. Mo ní kó fara balẹ̀, ìlà kan péré ni, màá tan án.

"Ẹ má tan án láti ibẹ̀," ó ní. "Ẹ wá tan án fúnra yín."

Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ lọ́la, aago mẹ́fà. Mo ti di báàgì.