Ọ̀jọ̀gbọ́n àti Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà Mi

Ọjọ́ Ajé, 2 Òkúdù
Láptọ́ọ̀pù mi kú lónìí. Ó ti ń ṣàìsàn tipẹ́ — ó ń gbóná, ó ń hó bí ìkòkò — ṣùgbọ́n ìgbà tí Àǹtí Rúlà pè ló tó yàn láti dákẹ́. Àǹtí Rúlà ni ọ̀gá ọ́fíìsì tí mo ti máa ń ya àwòrán ilé tẹ́lẹ̀. Mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn torí pé kò sí ohun tí kì í wọ̀n, títí kan ẹ̀rín ẹnu rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ ńlá wọlé, ilé tó tò lọ rẹrẹ, òun sì fẹ́ kí n máa yà á láti ilé. Kí n bẹ̀rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun á gbé e fún ẹlòmíì. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń jókòó lásán. Mo ní mo ti ṣe tán. Irọ́.

Owó ọwọ́ mi ò ká kọ̀ǹpútà tuntun. Ó lè ra ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ká tò ó nílé. Ọkọ mi ní kí n fi yíyàn rẹ̀ sílẹ̀ fún òun. Láti òní lọ, Ọ̀jọ̀gbọ́n lorúkọ rẹ̀ níbí. Lójú rẹ̀, "ẹ" ni mò ń pè é. Nínú ìwé yìí, "ó" ti tó o.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Òkúdù
Fídíò kọ̀ǹpútà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ń wò láti ìdí oúnjẹ títí dórí bẹ́ẹ̀dì.

Ọjọ́bọ̀, 5 Òkúdù
Ohun tí iṣẹ́ mi nílò ò ju èyí lọ: prósẹ́sọ̀ tó já fáfá — òun ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà — ráàmù, ìyẹn àyè ìrántí rẹ̀, tó pọ̀ díẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà tó fẹ̀. Ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n yàn: àpótí onígíláàsì, pẹ̀lú fáànù tó ń tan iná aláwọ̀ mèremère. Mo bi í pé kí ni iná fẹ́ bá mi yà. Ó ní iná ń jẹ́ kí atẹ́gùn rìn dáadáa. Ó sọ ọ́, ojú ò tì í.

Màmá — ìyá rẹ̀, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa — gbọ́ "mọ́dábọ́ọ̀dù", ìyẹn pátákó tí gbogbo ẹ̀yà yòókù ń jókòó lé. Ó béèrè pé fádàbọ́ọ̀dù ńkọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Màmá sùn lọ lórí àga.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Òkúdù
A lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin tó ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà àlòkù. Ó tín-ín-rín débi pé tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́, èèyàn lè má rí i. Pẹ̀lẹ́bẹ́ ni mo sọ ọ́. Ká tó kí i tán, Pẹ̀lẹ́bẹ́ ti gbé àga onítìmùtìmù kan fún Ọ̀jọ̀gbọ́n. Èmi dúró. Mo ní, oníbàárà pàtàkì mà ni wá.

Prósẹ́sọ̀ nìkan ni mo fi dandan yàn fúnra mi. Mo ti bi Àǹtí Rúlà léèrè. Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ jiyàn, Pẹ̀lẹ́bẹ́ ní ìyàwó yín yàn dáadáa. Ojú Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀wẹ̀sì. Mo wá gbà fún un pé kó ra àpótí onígíláàsì rẹ̀. Ọkùnrin nílò ohun ìṣeré.

Ọjọ́ Àìkú, 8 Òkúdù
Ó ní a ò gbọdọ̀ kù gìrì tò ó, òun ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́. Gbogbo ẹ̀yà wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n ń retí ọjọ́ tí yóò gboyè.

Ọjọ́rú, 11 Òkúdù
Ó tò ó nígbà tó dé láti ibi iṣẹ́. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Kò já wáyà kankan, kò fipá tẹ nǹkan kan. Ó tẹ bọ́tìnnì. Fáànù yí, iná tàn — pupa, búlúù, àwọ̀ ewé. Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn. Ó dà bí ilé tuntun tí wọ́n tan gbogbo iná rẹ̀, tí kò sẹ́ni nínú ẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní páwà ni, ìyẹn àpótí tó ń pín iná fún un.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Òkúdù
Páwà mìíràn. Ìran kan náà. Ó ní ráàmù ni nígbà náà. Màmá béèrè pé àgbò wo ló wọnú ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n fara balẹ̀, iṣẹ́ ò sá lọ síbì kankan. Ta ló sọ fún un?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Òkúdù
Àǹtí Rúlà pè. Mo ní iná ni ò dúró. Mo mọ̀ pé ó ń wọn irọ́ náà. Ó fún mi di ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 16 Òkúdù
Ọ̀jọ̀gbọ́n de táì, ó gbé báàgì, ó lọ síbi iṣẹ́. Mo mú skrudíráfà. Mo tú mọ́dábọ́ọ̀dù jáde tọpọlọ-tọpọlọ, mo fi aṣọ ìnura wé e, ó di ṣọ́ọ̀bù Pẹ̀lẹ́bẹ́.

Pẹ̀lẹ́bẹ́ gbé e sábẹ́ iná. Ó wò ó, ó wò mí, ó tún wò ó.

"Ìyàwó wa, prósẹ́sọ̀ yìí kọ́ ni mo tà fún yín. Èyí tí ẹ yàn, ọkọ yín dá a padà lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, wọ́n ní kí n fi èyí pààrọ̀ rẹ̀. Mo sọ fún wọn pé á wọlé o, àmọ́ kò ní bá pátákó yìí ṣiṣẹ́. Wọ́n ní àwọn mọ̀."

Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, ọkọ mi wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Ojú Pẹ̀lẹ́bẹ́ ti sá lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kó tó rí i dá dúró. Mo tẹ̀ lé ojú náà. Lẹ́yìn àwọn páálí, lórí àga onítìmùtìmù: Ọ̀jọ̀gbọ́n. Táì lọ́rùn, báàgì lẹ́sẹ̀, fídíò lọ́wọ́. Ojú wa ṣe mẹ́rin.

Ohun tí mo lè sọ pọ̀. Èyí tó jáde ni, "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Pẹ̀lẹ́bẹ́ bá mi pààrọ̀ rẹ̀ padà, kò gbójú sókè. Mo ń lọ níwájú. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń tẹ̀ lé mi, ó gbá mọ́dábọ́ọ̀dù mọ́ àyà bí ọmọ tuntun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Òkúdù
Wọ́n ti dá Ọ̀jọ̀gbọ́n dúró lẹ́nu iṣẹ́ láti oṣù tó kọjá. Ilé-iṣẹ́ ní àwọn akọ̀wé owó ti pọ̀ jù. Ó ń múra, ó ń jáde, ó ń jókòó sọ́dọ̀ Pẹ̀lẹ́bẹ́ títí àwọn oníṣẹ́ á fi máa darí sílé. Ibẹ̀ ló ti gba gbogbo ìmọ̀ rẹ̀.

Mo ní mo gbọ́ ìyẹn. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà mi wá ńkọ́?

Ó wo ilẹ̀ títí. Ó ní, "Mo kàn fẹ́ rí iṣẹ́ tèmi ná, kí tìẹ tó bẹ̀rẹ̀."

Mi ò pariwo. Pé iṣẹ́ bọ́, ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Pé ó fi pa mọ́, mo lè gbé ìyẹn náà mì. Ṣùgbọ́n ó ń wò mí tí mò ń purọ́ fún Àǹtí Rúlà. Ó ra páwà tó mọ̀ pé kò wúlò. Ó jókòó, ó ń ṣàlàyé àìsàn kọ̀ǹpútà tó fọwọ́ ara rẹ̀ pa. Ìyẹn há mi lọ́fun bí egungun ẹja.

Ọjọ́rú, 18 Òkúdù
Mo gbé skrudíráfà síwájú rẹ̀. Mo ní, "Ẹ tò ó." Ó tò ó. Kọ̀ǹpútà jí lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti ní "ẹ ṣeun" kí n tó rántí pé mò ń bínú.

Ọjọ́bọ̀, 19 Òkúdù
Ó sọ fún Màmá. Màmá ní kó bọ́ táì, kó wá bá òun ṣa ẹ̀wà.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Òkúdù
Mo fi àwòrán ilé àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Ojú ń ta mí, ẹ̀yìn ń ro mí, inú mi ń dùn débi pé ó ń tì mí lójú. Iná mèremère yẹn ń ṣẹ́jú sí mi ṣáá. Mo fi gèlè bò ó.

Ọjọ́ Ajé, 23 Òkúdù
Èsì Àǹtí Rúlà wọlé láàárọ̀. Ó ní ìlà mi tọ́ — látẹnu tirẹ̀, oríkì nìyẹn. Ó tún ní àwọn ń wá ẹni tí yóò máa ṣírò búlọ́ọ̀kù, irin àti símẹ́ńtì fún ilé kọ̀ọ̀kan, ẹni tó mọ ìṣirò owó dunjú, tí yóò máa ṣe é láti ilé. Ṣé mo mọ ẹnì kan?

Ẹnì kan wà ní pálọ̀. Mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń sọ fún Màmá pé kò burú, ibì kan ṣì lè pe òun.

Mo dojú fóònù délẹ̀. Mo ya ògiri kan. Mo ya ilẹ̀kùn. Mo jẹun ọ̀sán. Ó wọlé, ó gbé omi wá fún mi, ó béèrè bóyá Àǹtí Rúlà ti fèsì. Mo ní rárá.

Ó jáde, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé kó má bàa dí mi lọ́wọ́.

Ó dùn mọ́ mi. Kí n má tan ara mi jẹ. Mo jókòó ti ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń lá oyin, mo mọ ohun tí kò mọ̀, ìgbà tó bá wù mí ni yóò sì tó mọ̀ ọ́n. Bó ṣe rí lẹ́nu òun náà nìyẹn nígbà tó ń tàn mí. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà mí.

Mo pè é padà, mo na fóònù sí i, mo ní kó kà á fúnra rẹ̀. Ó kà á tán. Ó wo àsìkò tí èsì náà wọlé. Ó wò mí. Ó fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní kí n fèsì pé mo mọ ẹnì kan.