Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Mi Ni Ṣéènì Jáńgílófà Wà, Bàbá Ni Wọ́n Ń Pè Lólè

Kò sí olè kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èmi ni. Èmi ni mo tú ṣéènì jáńgílófà inú ọgbà ìgbafẹ́ ìlú wa, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló sì wà bí mo ṣe ń tẹ èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Ìlú wa kò jìnnà sí Ọ̀mù-Àrán, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí ọgbà kan ṣoṣo la ní, bí mo bá dárúkọ ìlú báyìí, gbogbo èèyàn ti mọ̀ mí nìyẹn.

Èmi ni mo ń bójú tó ọgbà náà. Nínú ìwé, máníjà ni wọ́n kọ. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín o. JS2 ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n màmá mi ló bá mi bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó gbà mí. Èmi ni mò ń ṣí géètì, èmi ni mò ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, èmi ni mò ń lé ewúrẹ́, èmi náà ni mò ń kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ lo pápá bọ́ọ̀lù sínú ìwé kí ìjà má bàa ṣẹlẹ̀, síbẹ̀ wọ́n á jà. Àwọn tó wá ya fọ́tò ìgbéyàwó á gbé mọ́tò gun orí koríko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn, mo bá ní ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n á ní ta ni ọmọ yìí? Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè mí. "Àǹtí Kọ́kọ́rọ́, ṣé o ti ti atẹ́gùn náà mọ́lé ni?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ojú máa ń tì mí gan-an. Bí èèyàn bá ti pé mẹ́ta níwájú mi, ohùn mi kì í jáde mọ́...

Jáńgílófà méjì ló wà nínú ọgbà náà, ara irin gbọọrọ kan ni wọ́n so wọ́n kọ́. Lọ́jọ́ tí mo gun àkàbà lọ já ilé agbọ́n tó wà lókè níbẹ̀ ni mo rí àwọn ìkọ́ tó di ṣéènì mú. Wọ́n ti dógùn-ún, wọ́n sì ti jẹ. Ọ̀kan ti jẹ débi pé ó kù bí igi ìṣáná. Mo lọ bá alága ìgbìmọ̀ tó ń darí ọgbà, mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́. Alága ní àwọn ti gbọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, mo tún lọ. Alága bi mí pé ṣé èmi ni wẹ́dà ni? Àwọn tó wà lọ́dọ̀ wọn bú sẹ́rìn-ín. Nígbà kẹta, mo bá wọn níbi ìpàdé, kí n tó la ẹnu, alága ti ní, "Ìyàwó ìkọ́ ti dé o!" Mo bá yí padà. Ṣé ẹ rí i? Mo sọ ọ́. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì àbọ̀.

Mo fi okùn so jáńgílófà náà mọ́ òpó, àwọn ọmọ tú u. Mo tún un so, ìyá kan bá mi jà pé torí mi ò tíì bímọ ni mo ṣe kórìíra ọmọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àwọn ọmọbìnrin méjì jókòó sórí ẹyọ kan, wọ́n ń fò lọ sókè, wọ́n ń pariwo, mo sì gbọ́ tí irin náà ń ké lókè. Mo sáré lọ gbé wọn sọ̀kalẹ̀, àwọn méjèèjì bú sẹ́kún. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó ṣí géètì, mo yá sípánà lọ́wọ́ aládùúgbò wa tó ń tún ọ̀kadà ṣe, mo tú gbogbo ṣéènì náà, mo kó o sínú àpò gàrí, mo gbé e sórí lọ sílé. Ohun tí mo rò ni pé bí wọ́n bá rí i pé kò sí ṣéènì mọ́, wọ́n á pe wẹ́dà, wẹ́dà á gòkè, á fojú ara rẹ̀ rí ìkọ́, wọ́n á sì gbọ́ tirẹ̀ torí ọkùnrin ni. Èrò mi kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọn ò pe wẹ́dà. Olè ni wọ́n ń wá.

Àwa méjì péré la ní kọ́kọ́rọ́ géètì, èmi àti Bàbá tó ń gé koríko. Mùsùlùmí ni Bàbá, wọ́n ti dàgbà, wọ́n sì ń dáko díẹ̀ lọ́nà Òwu-Ìsin. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń tọ́jú igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn. Bí Bàbá bá ti dé láàárọ̀, wọ́n á bi mí pé ṣé mo ti jẹun. Nígbà kan, Bàbá béèrè bóyá àwọn lè mú àwọn irin tó ti kán, tí a kó sẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí àwọn fi ṣe ilé ewúrẹ́. Alága ní rárá, ọ̀rọ̀ sì tán. Ọ̀rọ̀ yẹn ni ìgbìmọ̀ wá hú jáde níbi ìpàdé, pé ẹni tó tọrọ irin ló jí irin. Bàbá wo gbogbo wa lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí ni èmi fẹ́ fi ṣéènì ọmọdé ṣe?" Alága ní kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Bàbá gbé e sórí tábìlì, wọ́n ṣí fìlà wọn, wọ́n tún un dé, wọ́n lọ. Mo wà níbẹ̀ o. Orí bẹ́ńṣì lẹ́bàá ilẹ̀kùn ni mo jókòó sí. Ohùn mi kò jáde.

Lẹ́yìn náà ni alága ní kí pásítọ̀ àti ààfáà tó wà níbẹ̀ gbàdúrà sí i. Pásítọ̀ ní ẹni tó kó ohun ìṣeré àwọn ọmọdé, kó má rí ìsinmi títí tó fi máa jẹ́wọ́. A ní àmín. Ààfáà ní kí Ọlọ́run tú àṣírí rẹ̀. A ní àmín. Èmi náà ṣe é lẹ́ẹ̀mejèèjì, mi ò rò pé ẹnikẹ́ni ṣe é sókè jù mí lọ. Ohùn tí kò jáde fún Bàbá ló jáde fún àmín... irú èèyàn wo ni mo jẹ́?

Ní ìjẹta, ìyàwó Bàbá wá sílé wa. Wọ́n gbé iṣu mẹ́ta wá fún mi. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé èmi nìkan ni mo gbèjà ọkọ àwọn ní ìpàdé. Mi ò mọ ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, bóyá Bàbá fúnra wọn ni, kí ọkàn ìyá náà lè rọlẹ̀. Kò sí àga nínú yàrá mi, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n jókòó sí, àpò ṣéènì sì wà nísàlẹ̀ wọn gan-an. Wọ́n ní Bàbá ò lọ mọ́sálásí mọ́, ilé ni wọ́n ti ń kírun, torí ojú tí àwọn èèyàn fi ń wò wọ́n. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, Ọlọ́run á gbèjà tìẹ náà." Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mò ń wo ẹsẹ̀ wọn, mò ń bẹ Ọlọ́run kí gìgísẹ̀ wọn má kan àpò náà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìkan ni mo sọ fún. Ó ní kí n lọ jù ú sínú ọgbà ní ìdájí, wọ́n á ní àdúrà ti gbà, ọ̀rọ̀ á tán. Mo ti gbé àpò náà dé ẹnu ọ̀nà kó tó yé mi. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á ní Bàbá ló dá a padà, pé ẹ̀rù àdúrà ló bà wọ́n. Bàbá ti di olè títí láé nìyẹn!

Ṣéènì tuntun pàápàá ti dé. Ọmọ ìlú wa kan tó wà lókè òkun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé yìí, ó fẹ́ ya fọ́tò pẹ̀lú àwọn ọmọ lórí jáńgílófà. Ṣéènì tuntun, ìkọ́ àtijọ́. Mo sọ fún akọ̀wé ìgbìmọ̀, ó ní kí n lọ gbálẹ̀. Inú ń bí mi débi pé mi ò lè jẹun, mi ò sì mọ ẹni tí inú ń bí mi sí, ṣé àwọn ni àbí ara mi.

Ọjọ́ Ẹtì yìí ni ìpàdé ìgbìmọ̀ tó kàn. Bí mo bá jẹ́wọ́, wọ́n á lé mi, ta ló fẹ́ gba ẹni tó ka JS2? Wọ́n á pe èmi náà lólè. Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ bá Bàbá nílé, kí n dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, kí n tó lọ síbẹ̀? Àbí kí n gbé ṣéènì náà dání lọ tààrà? Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí, báwo lẹ ṣe ṣe é? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ gbólóhùn àkọ́kọ́ tí mo máa sọ bí mo bá dìde. Ẹyọ kan ni. Kó kúrú, kó jẹ́ èyí tí mo lè sọ tán kí ẹnikẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.