Ohun Tí Rọ́bà Pa Rẹ́

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kìíní

Òbí mọ́kànlá lónìí. Àga méjìlá ni ilé ìkàwé ń yá mi, báàgì mi ló jókòó sí èyí tó kù.

Mo tún ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdánwò àṣejáde girama ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, ọmọ ti ní ọgbọ̀n máàkì lápò látinú iṣẹ́ kíláàsì kó tó wọ gbọ̀ngàn. Ní báyìí kò sí. Ọjọ́ ìdánwò nìkan ló kù. Wọ́n sì pín ìṣirò sí méjì: Ìpele Òkè àti Ìpele Ìsàlẹ̀. Gíréèdì mẹ́sàn-án ló ga jù. Ẹni tó bá jókòó ṣe ti Ìsàlẹ̀ kò lè kọjá gíréèdì márùn-ún, kódà kó gba gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá jókòó ṣe ti Òkè tí kò sì dé gíréèdì mẹ́ta, òfo ni. Wọn ò ní fún un ní nǹkan kan.

Ìyá àwọn ìbejì — aránṣọ ni, iwájú ló máa ń jókòó — ní, "Ẹ̀yin ìjọba yìí náà! Ṣé ẹ ò lè fi nǹkan sílẹ̀ bó ṣe wà ni?" Mo ní èmi kọ́ nìjọba. Ó ní, "Ẹ jọ wọ́n díẹ̀." Yàrá náà dà rú fún ẹ̀rín.

Ọkùnrin kan dúró dè mí nígbà tí àwọn yòókù lọ. Káfíńtà ni. Ìwé ìdánwò ìdánrawò ọmọ rẹ̀ obìnrin ló mú wá. Ìṣirò: mọ́kànlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún. Ilé-ìwé ní àwọn máa fi ọmọ náà sí Ìsàlẹ̀. Apoògùn lọmọ fẹ́ dà, gíréèdì mẹ́fà sì ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ń béèrè. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù yìí ni orúkọ máa wọlé tán.

"Ọmọ yìí mọ ìṣirò, mà. Òun ló ń bá mi ṣírò pákó. Kì í ṣì í."

Mo ṣí ìwé náà. Ó mọ́ bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ìdáhùn nìkan, pẹ̀lú bírò, ní ìparí àyè kọ̀ọ̀kan. Òkè ibẹ̀ funfun báláú. Mo gbé e dá ẹ̀gbẹ́ sí ojú fèrèsé — ojú pẹ́ńsù wà níbẹ̀, wọ́n ti pa á rẹ́. Mo bi í pé ta ló pa á rẹ́. Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n yìn.

"Èmi ni mo kọ́ ọ, mà. Kò gbọdọ̀ fi ìdọ̀tí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń máàkì."

Mo bẹ̀ ẹ́ kó yá mi ní ìwé náà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlá

Fèrèsé, gíláàsì amú-nǹkan-tóbi, wákàtí mẹ́ta. Máàkì méjìlélógún ló wà nínú ohun tí rọ́bà pa rẹ́. Mọ́kànlélógójì àti méjìlélógún: mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Márùndínlọ́gọ́ta péré ni ilé-ìwé ń béèrè fún Òkè.

Orí mi gbóná.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá

Òǹtẹ̀ pè mí. (Ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì ìdánwò. Kò sí bébà tó lè jáde ní ilé yẹn láìjẹ pé ó lu òǹtẹ̀ lé e. Ó ṣeé ṣe kó lù ú lé ẹ̀gúsí.) Ó ní òun gbọ́ pé mò ń pe àwọn òbí jọ ní Sátidé. Mo ní òótọ́ ni, láti oṣù mẹ́ta. Ó ní olórí àwọn tó ń máàkì ìṣirò kò yẹ kó máa bá òbí sọ̀rọ̀. Mo ní kó fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn mí. Òfin ní a ò gbọdọ̀ kọ́ ọmọ tó ń bọ̀ wá ṣèdánwò, a ò sì gbọdọ̀ fi ìbéèrè hàn ẹnikẹ́ni. Ìwé ìlànà tí mò ń kà fún àwọn òbí, àwa fúnra wa la tẹ̀ ẹ́, tí a pín in fún gbogbo ayé. Ẹnikẹ́ni ò kà á ni, nítorí pé ọgọ́fà ojú-ewé ni, èmi ni mo sì kọ apá tó le jù níbẹ̀.

Ó ní, "Ìyáàfin, ẹ máa ń ṣàlàyé jù."

Iṣẹ́ mi nìyẹn, sà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Lẹ́tà dé. Òǹtẹ̀ rẹ̀ tóbi ju ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lọ. Kí n fọwọ́ sí i pé mo ti fòpin sí ìpàdé Sátidé, tàbí kí n fi ipò olórí àwọn tó ń máàkì sílẹ̀. Títí di ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti wà lórí àga yẹn.

N ò fọwọ́ sí i. Mo fi í sí abẹ́ ife tíì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlógún

Òbí mẹ́rìnlá. Àwọn kan dúró.

Mo sọ ọ́ fún gbogbo wọn, ṣùgbọ́n Káfíńtà ni mò ń wò. Nínú ìdánwò tuntun yìí, ìbéèrè tó ní máàkì márùn-ún, ìdáhùn kò ní ju ẹyọ kan níbẹ̀. Mẹ́rin tó kù, ọ̀nà tí ọmọ gbà ni. Ọmọ tó ṣì í ní ìlà ìkẹyìn lè gba mẹ́rin. Ọmọ tó pa ọ̀nà rẹ́, tó wá ṣi ìdáhùn, kò gba nǹkan kan. Ẹni tó ń máàkì kò lè fún un ní máàkì lórí ohun tí kò rí.

Káfíńtà dìde. "Ṣé ẹ fẹ́ kí n kọ́ ọmọ mi ní ìwà ọ̀bùn ni? Tí mo bá ṣe àpótí, ṣé mo máa ń fi ojú ìṣó sílẹ̀ kí ènìyàn máa wò ó?"

Mo ní ìwé ìdánwò kì í ṣe àpótí.

"Ẹ̀yin tí ẹ ò tọ́mọ rí, ó rọrùn fún yín láti sọ."

Ìyá àwọn ìbejì ní, "Bàbá, ẹ jókòó jàre, inú mi ò dùn sí yín." Káfíńtà jáde lọ.

Ó dùn mí. Ó dùn mí títí mo fi dé ilé, mo sì jẹun síbẹ̀, mo sì gé èékánná. N ò ní dá ìpàdé dúró nítorí èyí náà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ ogún

Mo lọ dá ìwé ọmọ náà padà ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Kò retí mi. Lẹ́búlẹ́bú pákó wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ọmọ náà wà níbẹ̀, ó ń gbá ilẹ̀ — ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹyẹ lọ. Jẹ́jẹ́ ni n ó máa pè é níhìn-ín.

Tábìlì kan dorí kodò lórí bẹ́ńṣì. Mo wo ìdí rẹ̀. Pẹ́ńsù ló kún ibẹ̀: nọ́ńbà, ọfà, ìlà, *òsì*, *ọ̀tún*, ìṣirò kan tó gé lójijì, òmíràn lábẹ́ rẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, ta lẹ kọ èyí fún?"

"Fún ara mi. Kí n lè mọ ẹsẹ̀ tó lọ síbo."

"Kí ló dé tí ẹ ò pa á rẹ́?"

Ó wò mí bí ẹni tí mo sọ pé kó jẹ ìṣó. "Tí tábìlì bá mì lẹ́yìn ọdún márùn-ún, kí ni káfíńtà tó máa tún un ṣe fẹ́ wò?"

Jẹ́jẹ́ dá ìgbálẹ̀ dúró. Ó pẹ́ kí bàbá náà tó na ọwọ́, kó gba ìwé lọ́wọ́ mi, kó gbé e dá ẹ̀gbẹ́ sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà bí mo ṣe ṣe é. Ó ń wá ojú pẹ́ńsù. Ó rí i. Ó jókòó sórí ìdì pákó.

"Méjìlélógún," ni mo ní.

Ó ní, "Ẹ má bínú sí ohun tí mo sọ ní Sátidé."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlélógún

Ọ̀gá ilé-ìwé gbà kí Jẹ́jẹ́ tún ìdánrawò náà ṣe ní ọjọ́ Ajé. Ó gbà á bí ẹni tó ń gba oògùn kíkorò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Òbí mọ́kàndínlógún. Àhesọ ti gba ìlú: obìnrin kan ń ta ìbéèrè ìdánwò ní ilé ìkàwé. Bàbá kan tí n kò rí rí wá, ó bá mi sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn — èló ni? Mo ní kó wọlé, kó jókòó, ọ̀fẹ́ ni. Ó jókòó. Nígbà tó rí i pé ọ̀rọ̀ lásán ni mò ń sọ, ojú rẹ̀ rọ.

Ìyá àwọn ìbejì sọ fún un pé, "Ìbéèrè lẹ wá rà, àlàyé lẹ rí. Ẹ máa gbádùn rẹ̀, ẹ ó rí i. Àwọn ọmọ tèmi náà ti ń kọ ọ̀nà wọn sílẹ̀. Ọ̀kan kọ *mi ò mọ èyí* sí ojú ìlà kan. Mo ní ìyẹn náà ọ̀nà ni."

Wọn ò ní fún ọmọ náà ní máàkì lórí ìyẹn. Mo fi í sílẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Méjìdínlọ́gọ́ta! Káfíńtà gbé ìwé náà wá fún mi lẹ́nu géètì ọ́fíìsì, ó gbé e bí ọmọ tuntun. Ojú-ewé ọ̀hún dà bí ibi tí adìẹ ti ja ìjà. Ìdáhùn mẹ́sàn-án ló ṣì, ó sì gba máàkì lórí mẹ́jọ nínú wọn. Mo yọ̀.

Ọ̀gá ilé-ìwé kò yọ̀. Ó ní ti àkọ́kọ́ ló wà lákọsílẹ̀, ó ní Ìsàlẹ̀ ni ìmọ̀ràn ilé-ìwé síbẹ̀. Òbí tó bá fẹ́ Òkè, kó wá fọwọ́ sí i pé òun gba ewu rẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà. Méje tí Jẹ́jẹ́ ń kọ ní ìlà láàrin. Mẹ́rin rẹ̀ dà bí àga tí wọ́n gbé dojú dé. Bí mo ṣe ṣí ìwé náà ni mo ti mọ̀ pé tirẹ̀ ni, kí n tó rí orúkọ. Nọ́ńbà la fi ń rọ́pò orúkọ nínú ìdánwò gidi. Kò sí ohun tí nọ́ńbà lè fi pamọ́ fún mi mọ́ o.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Òǹtẹ̀ tọ̀nà lórí nǹkan kan ṣoṣo: ẹni tó ń máàkì kò yẹ kó mọ ọmọ tó ni ìwé. Ó ń bí mi nínú.

Ọjọ́bọ̀, ọgbọ̀n ọjọ́

Káfíńtà ti lọ sí ilé-ìwé. Ìsàlẹ̀ ló fọwọ́ sí.

Ó wá sọ ọ́ fún mi fúnra rẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. "Òfo, mà. Ẹ ní tí kò bá dé mẹ́ta, òfo ni. N ò lè fi orúkọ mi sí ìwé tó lè fún ọmọ mi ní òfo."

N ò lè sọ pé kò ní ṣẹlẹ̀. N kì í ṣèlérí ohun tí n kò wọ̀n. Mo sọ ohun tí mo mọ̀: méjìdínlọ́gọ́ta kò sún mọ́ òfo, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìdánwò a máa já ènìyàn kulẹ̀. Lẹ́yìn náà — mo rò ó fún bí ìṣẹ́jú kan — mo sọ èyí tó kù. Ojú-ewé kẹtàlélọ́gọ́rin ìwé ìlànà: ọmọ tó ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún, ìbuwọ́lù tirẹ̀ ló ń yan ìpele. Ti òbí kò tó.

Ojú rẹ̀ le. "Ṣé ẹ fẹ́ kọ́ ọmọ mi láti tàpá sí mi ni?"

"Ẹ̀yin ni mò ń sọ ọ́ fún, Bàbá. N ò sọ ọ́ fún un. N ò sì ní sọ ọ́ fún un."

"Tí èmi náà bá dákẹ́ ńkọ́?"

"Yóò jókòó ṣe ti Ìsàlẹ̀."

Ó lọ láì kí mi. Láti oṣù mẹ́ta ni mo ti ń pariwo pé òbí gbọ́dọ̀ mọ ohun gbogbo. Mo ti sọ ohun gbogbo.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Aago mẹ́wàá, mo wọlé tọ Òǹtẹ̀. Mo gbé lẹ́tà rẹ̀ kalẹ̀ láìfọwọ́ sí i, mo gbé tèmi lé e. Ìlà mẹ́rin. Mo yọ ara mi kúrò nínú ìmáàkì ìṣirò ọdún yìí. Ìdí: mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé ọmọ kan tó ń bọ̀ wá ṣèdánwò. Ìpàdé Sátidé kò rú òfin kankan, yóò máa lọ.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ẹ lè fọwọ́ sí tèmi kí gbogbo rẹ̀ parí. Ta ló máa mọ̀?"

Mo ní, "Èmi."

"Ọdún mẹ́rìndínlógún, ìyáàfin. Nítorí ọmọ káfíńtà kan?"

"Kì í ṣe nítorí rẹ̀, sà. Tí ó bá ṣubú, n ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé èmi ni mo tì í. Tí ó bá yege, n ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé èmi ni mo gbé e."

Ó wá òǹtẹ̀ rẹ̀. Kò rí i. Abẹ́ lẹ́tà mi ló wà. Mo gbé lẹ́tà sókè fún un, ó sì lù ú.

Mo kó gègé pupa mi, gíláàsì, ife sínú páálí. Wọ́n ní kí n fi kọ́kọ́rọ́ yàrá ìmáàkì sílẹ̀. Mo fi í sílẹ̀.

Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ, fóònù dún. Káfíńtà. Ariwo ọmọ ilé-ìwé lẹ́yìn rẹ̀.

"Mo sọ fún un láàárọ̀ yìí, mà. Mo ka ojú-ewé náà fún un. Ó wọlé, mo dúró síta. N ò bi í ohun tó fọwọ́ sí."

Mo ní kí ló dé tí kò bi í.

"Ẹ̀rù ń bà mí." Ó pe ọmọ náà. "Ẹ gbà, ó fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀."

Ohùn ẹyẹ yẹn. N kò gbọ́ ọ rí láìjẹ pé ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Òkè ni, mà. Tó bá já sí òfo, kí ẹnikẹ́ni má bá mi sunkún. Bàbá mi náà." Lẹ́yìn náà, kì í ṣe fún mi: "Ẹ gbọ́, Bàbá? Òkè ni mo ní."

N kò gbọ́ ohun tí ó fèsì. Àwọn ọmọ ń pariwo. Mo ń dúró, fóònù létí, páálí mi lórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì. Mo wá gbọ́ bàbá náà tó ń bi í bóyá ó ti jẹun.