Bàbá Mi Ló Pààrọ̀ Kọ́kọ́rọ́ Ilé Wa

Olóòtú wa, ẹ kú ìsinmi-ò-sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí ní Ẹnu-ò-sinmi. Bí wọ́n bá mọ̀ mí nílé, wọ́n á lù mí títí màá fi gbàgbé orúkọ mi.

Bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n wọn ló jọ jogún ilé wa. Ẹ̀gbọ́n wọn pẹjọ́, kóòtù sì ní kí wọ́n tà á. Ẹni tó rà á fẹ́ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Bàbá mi nìkan ló mọ iṣẹ́ náà ládùúgbò, ó sì gbé e fún wọn.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ náà máa há, kí ẹni tó ra ilé máa làágùn títí ayé."

Wọ́n ní, "Ilé bàbá mi nìyí. Ilẹ̀kùn ẹ̀ ò gbọdọ̀ há."

Màmá mi ò bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi ni wọ́n sọ fún pé, "Ta ló ń fọwọ́ ara ẹ̀ ti ìyàwó àtọmọ mọ́ta?"

Yàrá kan la háyà báyìí. Ẹ̀yin olùgbọ́, ta ni kí n gbè lẹ́yìn?