Oúnjẹ Tí Màmá Fún Àwọn Eku Mi

Ọjọ́bọ̀, nínú àwẹ̀, oṣù kẹfà, 1984. Igbein.

Orí mi ṣì ń wú.

Eku tí mo fi ebi pa fún iṣẹ́ ìwádìí mi kò yẹ kó ní gílíkójìn, ìyẹn ṣúgà tí ara ń kó pamọ́, nínú ọ̀rá rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kán ayodíìnì, oògùn tó máa ń pọ́n bó bá kan ṣúgà yìí, sí omi ọ̀rá rẹ̀ lọ́sàn-án yìí, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

"Ẹ̀dọ̀ tí ṣúgà kì í tán nínú rẹ̀ lo gé mọ́ ọn, Ráfíátù," ni ọ̀gá mi wí.

Èmi! Mo tún un ṣe lójú wọn, ó tún pọ́n. Mo ní ọwọ́ mi mọ́, eku yìí jẹun ni. Bí oúnjẹ bá dé lẹ́yìn ebi, ọ̀rá a kọ́kọ́ kó ṣúgà jọ ju ti eku tó ń jẹun lójoojúmọ́ lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ta ló bọ́ ọ?

Ayodíìnì ṣì wà ní èékánná mi nígbà tí a ń ṣínu. Mo bi Màmá bóyá wọ́n dé ìdí àgò ẹ̀yìnkùlé tí mo há àwọn eku mi mọ́ lánàá.

"Mo fún wọn ní ẹ̀kọ díẹ̀," ni wọ́n dáhùn, wọn kò wojú mi. "Wọ́n ti pe ìrun. Ṣé kí èmi máa ṣínu, kí àwọn yẹn máa wò mí lẹ́nu ni? O ò mọ̀ pé làádá ni lọ́dọ̀ Ọlọ́run?"

Mo ní láti fi ebi pa òmíràn, mo sì ní láti ti ilẹ̀kùn àgò. Kò burú.

Ohun tí Màmá fi pamọ́ fún mi, ọ̀rá sọ ọ́.