Ebè Èṣí Kò Gba Katakata

Ìyá Tolúwalọpẹ́,

Ẹ̀rín ni mo ń rín bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí ní ọsibítù Ìlọrin. Àwọn nọ́ọ̀sì ń tọ́jú mi bí ọba.

Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, gbé kọ́kọ́rọ́ katakata pamọ́. Mo gbọ́ pé Ayọ̀dèjì ọmọ wa fẹ́ lọ fi í parí títú oko Òkè-Ìlá ní Sátidé. Má jẹ́ kó gùn ún!

A kò wó ebè iṣu èṣí nítorí ewùrà tó kù nínú rẹ̀. Mo ní ilẹ̀ náà kò tẹ́jú. Ọ̀gá onímọ̀ ẹ̀rọ tó so táì wá sóko dáhùn pé, "Tíṣà, ẹ̀rọ kì í bẹ̀rù ebè." Ṣùgbọ́n èmi ni mo gùn ún. Ó ń gbọ̀n jìgìjìgì lórí ebè, táyà ń fò sókè, kò di ilẹ̀ mú mọ́. Ó yọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ó sì dà lé mi lẹ́sẹ̀ òsì.

Ẹ kọ́kọ́ fi ọkọ́ wó ebè náà.

Bí o bá ń bọ̀, bàtà ọ̀tún nìkan ni kí o mú wá. Bá mi kí pásítọ̀. Kí Ayọ̀dèjì, sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ní kó dákun, kó má gùn ún.

Ọkọ rẹ,
Ọlálérè