Nítorí Màlúù Tó Wà Lọ́nà Ilé Ọtí Dilys

Skelderdale, Yorkshire,
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kárùn-ún.

Marian, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo sì kí Nettle, ajá rẹ. Mo gbà pé ara yín le. Tiwa náà ń sàn bọ̀. Wàá rí ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ nísàlẹ̀.

Ilé ọtí tó ń gba ajá ni ibi tí arìnrìn-àjò lè mú ajá rẹ̀ wọ̀ láìtijú. Abọ́ omi á wà lẹ́nu ọ̀nà, àkísà á wà fún ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀, ajá á sì dùbúlẹ̀ sábẹ́ tábìlì títí ọ̀gá rẹ̀ á fi jẹun tán. Irú rẹ̀ ni ilé ọtí Dilys tí o fẹ́ lọ lọ́jọ́ Sátidé. Ilé náà dára. Ọ̀nà ibẹ̀ ló ń kọ mí lóminú, nítorí o kọ̀wé pé o ti ra bẹ́líìtì tí wàá so okùn Nettle mọ́. Jọ̀wọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀ wọ pápá màlúù.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, èmi àti ìyá rẹ mú Bosun, ajá wa, gba ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ yẹn. Àwọn abo màlúù Clem Outhwaite wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Mo ṣì ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ògiri òkúta nígbà tí wọ́n gbórí sókè, tí wọ́n sì sáré bo ìyá rẹ. Ó ṣe ohun tí àwa tó fẹ́ràn ajá máa ń ṣe: ó wé okùn mọ́ ọwọ́, ó fa Bosun mọ́ra.

Clem pariwo láti ẹnu géètì rẹ̀ pé, “Ìyá, ẹ jù ú sílẹ̀!”

Ìyá rẹ dáhùn pé, “Kí n ju ajá mi fún wọn? Orí ẹ dà rú ni?”

“Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní! Mélòó lẹ̀yin ní?”

Màlúù kan ti kọlù ú kí ó tó tú okùn náà. Egungun ìhà rẹ̀ kan sán. Ó ní kí n má sọ fún ọ, ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé gẹ́gẹ́ bí dókítà ẹranko tí mo jẹ́. Abo màlúù tó lọ́mọ kì í sábà bá ènìyàn jà. Lójú rẹ̀, ajá ni ìkookò tó fẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Bí o bá di ajá mú, ìwọ lo wà láàárín àwọn méjèèjì. Bí o bá tú u, màlúù á lé e, kò sì ní bá a. Bí ó ti rí gan-an nìyẹn: gbogbo wọn yí tẹ̀lé Bosun, ìyá rẹ sì rọra rìn dé ibi ògiri.

Nígbà tí a dé ilé ọtí, Bosun ti wà lẹ́nu abọ́ omi. Dilys ní, “Mo bi í pé ta ló máa sanwó, kò dá mi lóhùn.” Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín, ó sì di ìhà mú.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ àlọ rẹ, kó sì ṣọ́ àbọ̀ rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Edmund.

Àfikún: Kí o tó jáde, pe Dilys, kí o bi í pé pápá wo ni màlúù wà lọ́jọ́ náà. Bí o bá bá wọn pàdé síbẹ̀, gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, má gba àárín ìyá àti ọmọ. Ìka ni kí o fi mú okùn. Má wé e mọ́ ọwọ́. Bí wọ́n bá sáré bọ̀, jù ú sílẹ̀.